Ìdánwò Ló Bí Ẹ́ńjìnnì Kékeré Onítọ́bò, Ìdánwò Náà Ló Ń Pa Á

Gbogbo wa la mọ ọmọ ilé-ìwé kan báyìí. Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, kò sí kíláàsì tí kò ní irú rẹ̀. Ọmọ náà kì í ka ìwé dé ìdí. Ìbéèrè ìdánwò ọdún tó ti kọjá ló ń wá kiri, òun náà ló ń há sórí tọ̀sán-tòru. Bí èsì bá jáde, á gba ipò kìíní, àwọn òbí rẹ̀ á jó, olùkọ́ á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àfi ọdún tí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò bá yí ìbéèrè padà. Ọjọ́ náà ni òógùn á bo ọmọ ọlọ́mọ. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé o. Ohun tí wọ́n máa ń bi í nìkan ló kọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré onítọ́bò ti rí gan-an nìyẹn. Láti nǹkan bí ọdún 2005 títí di 2015, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ní ilẹ̀ Yúróòpù ń fọn fèrè pé ọ̀nà ti là. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì tí inú rẹ̀ kò ju lítà kan lọ yóò máa sáré bí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà méjì, epo díẹ̀ ni yóò sì máa mu. Wọ́n gba ẹ̀bùn lórí ẹ̀bùn. Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn kan náà ló ń rọra yọ àwọn ẹ́ńjìnnì yìí kúrò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan fi èyí tó tóbi díẹ̀ rọ́pò wọn, àwọn mìíràn yọ tọ́bò náà dànù pátápátá. Kí ló dé? Ṣé irọ́ ni wọ́n pa ni, àbí ayé ló yí padà? Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà láti ìdí rẹ̀.

ẸWÌRÌ ALÁGBẸ̀DẸ

Ẹni tó bá ti dúró ní àgbẹ̀dẹ rí yóò mọ iṣẹ́ ẹwìrì. Iná tó ń jó wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ọmọ iṣẹ́ bá ti ń fín ẹwìrì, á gbiná, irin á sì pọ́n. Èédú kọ́ ló pọ̀ sí i lójú ẹsẹ̀ náà, afẹ́fẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú ẹ́ńjìnnì. Epo nìkan kì í dá jó. Òun àti afẹ́fẹ́ ló ń jó pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lágbára sí i, ẹ lè sọ ọ́ di ńlá kí ó lè máa mí afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ kan máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú kékeré náà ní tipátipá.

Ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọlé yìí ni tọ́bò. Fáànù kékeré méjì ni, tí wọ́n wà lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Èéfín gbígbóná tó ń sáré jáde lọ sí sàlẹ́ńsà ló ń yí fáànù àkọ́kọ́. Bí ìyẹn bá ti ń yí, èkejì náà ń yí, èkejì yìí ló sì ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, tó ń rọ́ ọ sínú ẹ́ńjìnnì. Èéfín tí à bá dà nù ló wá di ọmọ iṣẹ́ tó ń fín ẹwìrì. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Fáànù inú tọ́bò mọ́tò kékeré lè yí ju ìgbà 200,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, èéfín tó ń yí i sì lè gbóná dé nǹkan bí 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ń ṣàn yí ọ̀pá náà ká ló ń gbà á lọ́wọ́ ikú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

KÒ BẸ̀RẸ̀ LÁNÀÁ

Ọ̀gbẹ́ni Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1905. Ọkọ̀ ojú omi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Láàrin ọdún 1920 sí 1929, wọ́n fi tọ́bò sára ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ ojú omi akérò méjì ní Jámánì, agbára wọn sì gòkè láti agbára ẹṣin 1,750 sí 2,500. Nígbà tó ṣe, ó dé ara ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ rélùwéè àti àjàgbé. Àwọn awakọ̀ àjàgbé tiwa náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló ń súfèé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n bá ń gun òkè.

Lára mọ́tò kékeré tó ń mu pẹtiróòlù, ojú rí tó. Ní 1962, General Motors ti Amẹ́ríkà gbé méjì jáde, Chevrolet Corvair Monza Spyder àti Oldsmobile Jetfire. Jetfire yìí ní àgbá kékeré kan tí ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ máa rọ àdàlù omi àti methanol sí, kí epo má baà máa bú gbàmù láìtó àkókò nínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ráyè rọ ọ́. Ọdún méjì péré ni wọ́n fi ṣe é. Ní 1973, BMW ti Jámánì gbé 2002 Turbo jáde. Ọdún yẹn gan-an ni ọ̀wọ́n epo dé bá ayé, 1,672 péré ni wọ́n rí ṣe tí wọ́n fi pa á tì. Saab ti ilẹ̀ Sweden ló kọ́ tọ́bò níwà ọmọlúwàbí díẹ̀, nígbà tó gbé 99 Turbo wá sọ́jà ní 1978.

Ní 1977, Renault ti Faransé gbé ọkọ̀ onítọ́bò lítà kan àbọ̀ wọ eré ìje Formula 1. Ó ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ó ń rú èéfín, títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ ní ìkòkò tíì. Nígbà tó di 1979, Jean-Pierre Jabouille fi ọkọ̀ náà gba ipò kìíní ní Dijon. Ẹ̀rín parí. Láàrin ọdún díẹ̀, gbogbo wọn ló sáré lọ fi tọ́bò sí tiwọn.

Ẹ kíyè sí i pé ní gbogbo àkókò yìí, ẹni tó fẹ́ sáré ló ń wá tọ́bò. Ẹni tó ń rà á nítorí kí epo lè pẹ́ nínú táǹkì kò wọ́pọ̀. Ìgbà tí ìjọba Yúróòpù dá sí ọ̀rọ̀ èéfín ni nǹkan yí padà.

ÌDÁNWÒ DÉ

Ní 2009, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin lórí afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí mọ́tò ń tú jáde, èyí tó ń mú kí ayé máa gbóná sí i. Wọ́n ní bó bá di 2015, bí a bá pa gbogbo mọ́tò tuntun pọ̀ tí a pín in dọ́gba, kí ọ̀kan má tú ju gíráàmù 130 lọ ní kìlómítà kan. Bó bá sì di 2021, kó wálẹ̀ sí 95. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọjá ààlà yóò san ìtanràn. Láti 2019, yúrò 95 ni ìtanràn yìí lórí gíráàmù kọ̀ọ̀kan, fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ilé-iṣẹ́ tó bá ta mílíọ̀nù kan mọ́tò lọ́dún, tó fi gíráàmù kan ṣoṣo kọjá ààlà, ó ti jẹ gbèsè mílíọ̀nù 95 yúrò.

Epo tí mọ́tò ń jó ló ń di kábọ́ọ̀nù, nítorí náà ẹni tó bá dín epo kù ti dín kábọ́ọ̀nù kù. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Wọn kì í gbé mọ́tò lọ sójú títì. Orí rólà ni wọ́n ń gbé e sí nínú ilé àyẹ̀wò, táyà á máa yí, mọ́tò kò ní kúrò lójú kan. NEDC ni orúkọ ìdánwò náà. Nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ló ń gbà, kìlómítà 11 ni gbogbo ìrìn rẹ̀. Eré tí wọ́n ń sá, bí a bá pín in dọ́gba, kò tó kìlómítà 34 ní wákàtí kan. Láti ìdúró títí eré á fi dé 50, ìṣẹ́jú-àáyá 26 ni wọ́n fún awakọ̀. Ta ló ń wakọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ dán an wò ní Ìkòròdú Road, kí ẹ wá gbọ́ èébú tí dánfó ẹ̀yìn yín máa bù fún yín.

Ìdánwò yìí bá ẹ́ńjìnnì kékeré lára mu rẹ́gí. Ní ìrìn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, tọ́bò fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan, ẹ́ńjìnnì lítà kan á sì máa mu epo bí ẹ́ńjìnnì lítà kan. Agbára ńlá tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpolówó, ìgbà tí onímọ́tò bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú títì ló ń jáde. Ìgbà yẹn ni ẹwìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í fín, epo á sì máa tẹ̀lé afẹ́fẹ́ wọlé. Kò tán síbẹ̀. Bí eré bá pọ̀, tí ooru bá fẹ́ yọ́ tọ́bò, kọ̀ǹpútà inú mọ́tò á máa fọ́n epo kún epo, kì í ṣe nítorí àtisáré, bí kò ṣe láti fi pa ooru. Epo olówó gọbọi di omi ìtútù. Ìdánwò orí rólà kì í béèrè ìyẹn.

ÀWỌN TÓ GBA IPÒ KÌÍNÍ

Bí ìbéèrè ti ṣe kedere báyìí, kálukú bọ́ sídìí àhásórí. Volkswagen wà lára àwọn tó ṣáájú. Ní 2005, ó fi ẹ́ńjìnnì lítà 1.4 sínú Golf GT, ó fi tọ́bò sí i, ó tún fi ẹ̀rọ atafẹ́fẹ́ mìíràn tí bẹ́líìtì ń yí tì í lẹ́yìn, agbára ẹṣin 170 ló sì ń mú wá. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ẹ́ńjìnnì tó peregedé jù lọ lágbàáyé ní 2009. Ní 2010, Fiat ti Ítálì gbé TwinAir jáde, onípúlọ́ọ̀gì méjì péré bíi ti alùpùpù, tí kò tó lítà kan. Ó gba ẹ̀bùn kan náà ní 2011. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ford kó EcoBoost lítà kan wọ̀lú, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì yìí kéré débi pé egungun àárín rẹ̀ lè jókòó sórí bébà ìtẹ̀wé kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́ta léra wọn, 2012, 2013 àti 2014, òun ló gbé ẹ̀bùn náà lọ. Inú Ford dùn débi pé wọ́n gbé e sínú Mondeo, mọ́tò ńlá tí baálé ilé fi ń kó ìyàwó, ọmọ àti ẹrù. Ọmọdé wá ń ru ẹrù àgbà.

Ẹnì kan wà ní kíláàsì tó kọ̀ láti há a sórí. Mazda ti Jàpáánù ní fún àwọn mọ́tò kékeré tòun, òun kò ní lo tọ́bò. Lítà méjì ni wọ́n ń lò, wọ́n sì tún bí epo ṣe ń jó nínú rẹ̀ ṣe. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ń wò wọ́n bí ará oko.

ỌDÚN TÍ WỌ́N YÍ ÌBÉÈRÈ PADÀ

Àwọn tó ra mọ́tò wọ̀nyí kọ́kọ́ rò pé àwọn ni kò mọ ọkọ̀ wà. Ìwé tí wọ́n fún wọn nígbà tí wọ́n ń rà á sọ iye epo tí mọ́tò yóò máa mu, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń san nílé epo ń sọ nǹkan mìíràn. Àjọ olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ ICCT fi ohun tí ìwé wí wé ohun tí ojú títì wí. Ní 2001, epo tí mọ́tò ń mu gan-an fi bí 9 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti inú ìwé lọ. Nígbà tó di 2015, ó ti di nǹkan bí 42. Gbogbo irú mọ́tò ni wọ́n kó pọ̀ o, kì í ṣe onítọ́bò kékeré nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé bí èsì ìdánwò ṣe ń dára sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń jìnnà sí òótọ́?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, àṣírí ńlá tú. Ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan Volkswagen pé ó dọ́gbọ́n sí kọ̀ǹpútà inú mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀, tí yóò fi mọ ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe ìdánwò fún un, tí yóò sì jẹ́ kí èéfín mọ́ ní ìgbà náà nìkan. Nǹkan bí mílíọ̀nù 11 mọ́tò káàkiri ayé ló ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yìí nínú. Ọ̀rọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ni, kò kan pẹtiróòlù. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá mú ọmọ kan tó ń jí ìwé wò ní gbọ̀ngàn ìdánwò, ṣebí gbogbo kíláàsì ni wọ́n ń yẹ àpò wò.

Láti oṣù kẹsàn-án 2017, ìdánwò tuntun tí wọ́n ń pè ní WLTP gba ipò ti àtijọ́ fún irú mọ́tò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 2018, ó kan gbogbo mọ́tò tuntun. Ìdajì wákàtí ni, kìlómítà 23, eré rẹ̀ sì ń kọjá 130. Wọ́n fi ìdánwò ojú títì kún un: wọ́n á so ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín mọ́ ìdí mọ́tò, wọ́n á wà á láàrin ìlú, ní ìgbèríko àti lójú ọ̀nà márosẹ̀. Wọ́n tún há òfin mọ́ àwọn ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tó ń fọ́n epo tààrà síbi tó ti ń jó, nítorí èédú wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí tó ń bá èéfín wọn jáde. Púpọ̀ nínú àwọn kékeré onítọ́bò ló wà nínú irú yìí. Ó di dandan kí wọ́n so asẹ́ mọ́ sàlẹ́ńsà wọn. Owó gun orí owó.

Ọmọ tó ń há ìwé sórí bá dìde dúró, kò rí nǹkan sọ. Kí ìdánwò tuntun tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, ní oṣù kẹwàá 2016, ìròyìn ti jáde pé Renault, Volkswagen àti General Motors fẹ́ sọ àwọn ẹ́ńjìnnì wọn kan di ńlá padà. Ní 2017, lítà 1.4 ti Volkswagen di 1.5. Ti Fiat ló ya ènìyàn lẹ́nu jù. Nígbà tó di 2020, ibi tí onípúlọ́ọ̀gì méjì tó gba ẹ̀bùn ti jókòó nínú Fiat 500, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́ta lítà kan tí kò ní tọ́bò rárá ni wọ́n gbé síbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ iná kékeré kan tó ń ràn án lọ́wọ́.

ẸNI TÓ Ń SAN OWÓ RẸ̀

Bó bá ṣe pé epo nìkan ló ń mu jù, à bá ní kó burú. Ìnira ara ẹ́ńjìnnì náà tún wà níbẹ̀. Ohun tí à ń tì pọ̀ sínú ibi kékeré ń gbóná, ó sì ń fúnpọ̀. Nígbà mìíràn, bí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí jẹ́jẹ́, epo á bú gbàmù kí púlọ́ọ̀gì tó ṣáná. Irú ìbúgbàmù bẹ́ẹ̀ lè fọ́ písítìnì. Wọ́n ní láti po ọ́ìlì tuntun nítorí rẹ̀.

Ohun kejì ni bẹ́líìtì. Nítorí kí ẹ́ńjìnnì lè fúyẹ́ kí ó sì yí wọ́ọ́rọ́, Ford àti Peugeot fi bẹ́líìtì rọ́bà sínú ọ́ìlì. Tọ́bò kọ́ ló gbé e débẹ̀, ìlépa gíráàmù kan náà ni. Bí wọ́n bá pẹ́ jù kí wọ́n tó pààrọ̀ ọ́ìlì, tàbí tí wọ́n lo èyí tí kò yẹ, rọ́bà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Èérún rẹ̀ á dí ẹnu ibi tí ọ́ìlì ń gbà, tọ́bò àti ẹ́ńjìnnì á wá máa yí láìsí ọ́ìlì. Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ní 2023, Ford kéde ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n dá mọ́tò tó ju 130,000 lọ padà wá fún àtúnṣe nítorí bẹ́líìtì tó ń yí pọ́ǹpù ọ́ìlì lára ẹ́ńjìnnì lítà kan náà tó gba ipò kìíní. Ní 2024, Stellantis, tó ni Peugeot báyìí, ṣe ìlérí fún àwọn tó ra ẹ́ńjìnnì PureTech lítà 1.2 pé ìbàjẹ́ bẹ́líìtì yìí wà lọ́rùn òun títí di ọdún mẹ́wàá tàbí kìlómítà 175,000. Lára àwọn tuntun, wọ́n ti padà sí ṣéènì onírin.

INÁ GBA IṢẸ́ LỌ́WỌ́ ẸWÌRÌ

Ìdánwò nìkan kọ́ ló lé tọ́bò jáde o. Ẹnì kan ti ń bọ̀ lẹ́yìn láti ọjọ́ pípẹ́. Ní oṣù kejìlá 1997, Toyota gbé Prius jáde ní Jàpáánù. Lítà kan àbọ̀, kò ní tọ́bò, ṣùgbọ́n ó ní bátìrì àti ẹ̀rọ oníná tó ń ti mọ́tò. Iṣẹ́ tí tọ́bò ń ṣe ni kí ẹ́ńjìnnì kékeré rí agbára nígbà tó bá nílò rẹ̀. Ẹ̀rọ oníná ń ṣe é lójú ẹsẹ̀, kò ní dúró de èéfín kó tó yí. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì ti náwó lé bátìrì, kí ló tún fẹ́ fi owó tọ́bò ṣe? Honda fi ẹ́ńjìnnì lítà kan onítọ́bò sínú Civic tó ń tà ní Yúróòpù ní 2017. Nígbà tí Civic tuntun dé ibẹ̀ ní 2022, lítà méjì aláìní-tọ́bò tó ń bá iná ṣiṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Renault fi lítà 1.6 aláìní-tọ́bò sínú Clio oníná-àtepo ní 2020. Ford dá iṣẹ́ dúró lórí Fiesta pátápátá ní oṣù keje 2023, ó sì sọ ilé-iṣẹ́ Cologne tí wọ́n ti ń ṣe é di ti mọ́tò oníná.

Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré onítọ́bò kò tíì tán nílẹ̀, ibi tó sì ti rọ́wọ́ mú jù ń fi ìdí ọ̀rọ̀ mi múlẹ̀. Ní Jàpáánù, láti 1990, òfin sọ pé mọ́tò kékeré tí owó orí rẹ̀ kéré kò gbọ́dọ̀ ní ẹ́ńjìnnì tó ju 660 nínú 1,000 apá lítà lọ. Tọ́bò pọ̀ níbẹ̀. Ní Brazil, ọdún 1990 kan náà ni ìjọba dín owó orí kù fún mọ́tò tí kò bá ju lítà kan lọ. Lónìí, ẹ́ńjìnnì lítà kan onítọ́bò wọ́pọ̀ lójú títì wọn. Bí òfin bá ti béèrè, bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ń dáhùn.

KÍ NI TIWA NÍBẸ̀?

Ẹ lè ní ọ̀rọ̀ Yúróòpù ni gbogbo èyí. Tókunbọ̀ ni ìdáhùn mi. Mọ́tò tí wọ́n bá lò gbó lọ́hùn-ún, ẹnu ibodè wa ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà wọlé, láti Kùtọnù tàbí láti èbúté Èkó. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á lò ó nígbà tó ṣì lágbára. Ẹni tó rà á ṣìkejì rí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìlérí fún un. Ẹni tó rà á ṣìkẹta, tó ń bẹ mẹkáníìkì ní Ládípọ̀ lábẹ́ oòrùn, kò sẹ́ni tó ṣèlérí kankan fún un.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ béèrè bóyá bẹ́líìtì inú ọ́ìlì ló ní, àti ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ ṣáná sí i, kí ẹ wo ìdí sàlẹ́ńsà: èéfín tó bá ń fi àwọ̀ aró hàn, ọ́ìlì ló ń jó. Ọ́ìlì tí ìwé mọ́tò bá sọ ni kí ẹ rà, ẹ má ra ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nítorí pé ó dínwó. Bí ẹ bá sì ti sáré ọ̀nà jíjìn dé, ẹ jẹ́ kó mí jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kí ẹ tó pa á.

Èmi kò bá tọ́bò jà. Ọgbọ́n Büchi ṣì ń ti ọkọ̀ ojú omi àti àjàgbé káàkiri ayé, iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ ló ń ṣe níbẹ̀. Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé ẹ̀bùn ẹ́ńjìnnì tó peregedé jù lọ kò sọ bí ẹ́ńjìnnì yóò ṣe rí ní ọdún kẹwàá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìdánwò tí wọ́n ṣètò ní Brussels, àwa ló bá wọn san nínú owó rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.